Rancour: Ọ̀rọ̀ Ìkórìíra Tó Jáde Látinú Epo Tó Bàjẹ́

Bí ìdìbò bá ti ń sún mọ́lé ní Nàìjíríà, ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan wà tí àwọn olóṣèlú wa kì í jẹ́ kó sinmi. Wọ́n á ní àwọn fẹ́ ìpàdé ẹgbẹ́ tó máa jẹ́ "rancour-free". Ìwé ìròyìn á gbé e, rédíò á tún un sọ. Gbogbo wa la mọ ohun tí wọ́n ń sọ: kí ìjà má wà, kí ẹnikẹ́ni má di ẹlòmíì sínú. Ṣùgbọ́n ẹ bi wọ́n pé níbo ni rancour ti wá, ẹ ó rí i pé ọ̀pọ̀ nínú wọn á kàn máa wò yín lójú ni.

Ìdáhùn rẹ̀ wà nínú kẹ́ẹ̀gì epo. Rancour àti rancid, ìyẹn ọ̀rọ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì ń lò fún epo tàbí bọ́tà tó ti bàjẹ́ tó ń rùn, ìyá kan náà ló bí wọn. Ẹni tó ní rancour nínú, bí a bá tẹ̀lé gbòǹgbò ọ̀rọ̀ náà, ẹni tí inú rẹ̀ ti bàjẹ́ bí epo ni.

Lónìí, mo fẹ́ ká wo ọ̀rọ̀ yìí láti ọ̀nà mẹ́ta: ibi tó ti wá, ohun tí sáyẹ́ǹsì mọ̀ nípa bí epo ṣe ń bàjẹ́, àti ìjà kan ní Ìsàlẹ̀ Èkó tó bẹ̀rẹ̀ bí ọ̀rọ̀ ènìyàn méjì, tó sì parí sí ọwọ́ àwọn òyìnbó. Ẹ fara balẹ̀, ọ̀nà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pàdé.

Ìrìnàjò ọ̀rọ̀ kan

Ní èdè Látìn, rancere ni kí nǹkan máa rùn nítorí pé ó ti bàjẹ́. Láti ara rẹ̀ ni wọ́n ti rí rancidus, ohun tó ti bàjẹ́, àti rancor, òórùn tàbí ìtọ́wò burúkú tí ohun náà ń mú wá. Palladius, ará Róòmù tó kọ ìwé lórí iṣẹ́ àgbẹ̀, lo rancor nígbà tó ń sọ̀rọ̀ nípa ibi tí wọ́n ń kó òróró ólífì pamọ́ sí. Níbẹ̀, ọ̀rọ̀ àgbẹ̀ àti ọ̀rọ̀ ilé ìdáná lásán ni.

Ní àsìkò tí kò jìnnà sí ti Palladius, àwọn òǹkọ̀wé ìjọ Kristẹni mú ọ̀rọ̀ yìí kúrò nínú ìkòkò òróró, wọ́n gbé e sínú ọkàn ènìyàn. Jerome, ẹni tó túmọ̀ Bíbélì sí Látìn tó sì kú ní 420, lò ó fún ìkùnsínú tó ti pẹ́, nínú lẹ́tà tó kọ sí Castorina, àbúrò tàbí ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀, pé kí àwọn méjèèjì parí ìjà tó wà láàárín wọn. Ẹ ṣàkíyèsí pé ìjà ẹbí ni. Ọ̀rọ̀ ẹbí ni rancour ti mọ̀ dáadáa láti ìbẹ̀rẹ̀.

Láti Látìn, ọ̀rọ̀ náà bọ́ sínú èdè Faransé àtijọ́, Gẹ̀ẹ́sì sì gbà á lọ́wọ́ Faransé. Nígbà tí Geoffrey Chaucer, akéwì Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó kú ní 1400, ń kọ ìtàn rẹ̀, ó ti ń lo rancour fún ìkórìíra láàárín ènìyàn. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé rancid, tó jẹ́ ti epo, kò wọ Gẹ̀ẹ́sì àfi ní bíi ọdún 1600 sókè. Ìyẹn ni pé àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì ti ń pe ìkórìíra ní orúkọ epo tó bàjẹ́ fún ọgọ́rùn-ún ọdún mélòó kan kí wọ́n tó mú orúkọ náà padà fún epo fúnra rẹ̀. Lónìí, Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti àwa ní Nàìjíríà ń kọ ọ́ ní rancour, Amẹ́ríkà ń kọ ọ́ ní rancor.

Rancour kò dá wà. Acrimony, tí wọ́n máa ń lò fún ọ̀rọ̀ kíkorò láàárín àwọn tó ń kọ ara wọn sílẹ̀ ní kóòtù, wá láti acer, tó túmọ̀ sí mímú tàbí títa lẹ́nu. Virulence, tó lè jẹ́ ti àìsàn, tó sì lè jẹ́ ti ọ̀rọ̀ ẹnu, wá láti virus, tó jẹ́ oró tàbí májèlé ní Látìn kó tó di orúkọ kòkòrò àìsàn tí gbogbo wa mọ̀. Gall, tó jẹ́ òróòro inú ẹran, di orúkọ fún ìkorò ọkàn. Animosity nìkan ló yàtọ̀ nínú wọn: animus ni ọkàn tàbí ẹ̀mí, ìgboyà ni animosity sì kọ́kọ́ jẹ́ kó tó di ìkórìíra. Ẹ rí i pé púpọ̀ nínú àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí, ahọ́n àti imú ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀.

Kí ló ń ṣẹlẹ̀ nínú epo?

Ẹ jẹ́ ká padà sínú kẹ́ẹ̀gì. Epo, yálà epo pupa, àdí, òróró ẹ̀pà tàbí bọ́tà, àwọn mólékù tí à ń pè ní triglyceride ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ẹ fọkàn yàwòrán ọ̀pá kékeré kan tó ní ìrù gígùn mẹ́ta. Ọ̀pá náà ni glycerol, ìrù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni fatty acid, tí mo máa pè ní ásíìdì ọ̀rá. Ọ̀nà méjì pàtàkì ni epo máa ń gbà bàjẹ́.

Ọ̀nà àkọ́kọ́ ni omi. Omi máa ń já ìrù kúrò lára ọ̀pá. Omi nìkan kì í yára ṣe é, ṣùgbọ́n ẹ́ńsáìmù kan wà tó ń jẹ́ lipase tó máa ń mú kí ó yá kíákíá. Lipase yìí wà nínú ẹran ara èso ọ̀pẹ fúnra rẹ̀. Nígbà tí èso náà ṣì wà ní pípé, lipase wà níbi tirẹ̀, epo wà níbi tirẹ̀, odi wà láàárín wọn. Bí ẹyìn bá já bọ́ láti òkè ọ̀pẹ tó sì fara pa, odi wó nìyẹn. Kíá ni lipase á bẹ̀rẹ̀ sí í já ìrù. Ìdí nìyí tí ẹyìn tí wọ́n bá kó jọ sílẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọjọ́ kí wọ́n tó sè é fi máa ń mú epo tó ń ta lọ́fun jáde. Iná ló ń pa lipase. Bí wọ́n bá tètè se ẹyìn, ọ̀rọ̀ bùṣe. Ní ọjà àgbáyé lónìí, òdiwọ̀n tí wọ́n sábà máa ń lò fún epo pupa tí wọn ò tíì fọ̀ ni pé kí ásíìdì ọ̀rá tó ti já sílẹ̀ má ju ìdá 5 nínú 100 lọ.

Ọ̀nà kejì ni atẹ́gùn ọ́síjìn, òun gan-an ni mo sì fẹ́ kí ẹ fojú sí. Nínú epo pupa, bíi ìdá 44 nínú 100 àwọn ásíìdì ọ̀rá ni palmitic acid, tí ìrù rẹ̀ kún dáadáa tí ọ́síjìn kò fi bẹ́ẹ̀ rí ojú ibi tó máa gbà wọlé. Oleic acid tó bíi ìdá 39, ìrù rẹ̀ ní ibi ẹlẹgẹ́ kan. Linoleic acid tó bíi ìdá 10, tirẹ̀ ní ibi ẹlẹgẹ́ méjì, ọ́síjìn sì máa ń bà á jẹ́ ní ìlọ́po tó lé ní mẹ́wàá ju bó ṣe ń ba oleic jẹ́ lọ.

Bó ṣe ń lọ rèé. Ìmọ́lẹ̀ oòrùn, ooru, tàbí ìdọ̀tí irin bíi iron àti copper á já átọ́ọ̀mù háídírójìn kan kúrò ní ibi ẹlẹgẹ́ yẹn. Mólékù tó kù á wá di free radical, ìyẹn mólékù tí nǹkan kan ti dín lára rẹ̀ tí ara rẹ̀ kò sì lè balẹ̀ mọ́. Ọ́síjìn á lẹ̀ mọ́ ọn. Àdàpọ̀ méjèèjì á wá yíjú sí mólékù tó wà nítòsí, tí kò ṣe nǹkan kan, á já háídírójìn tirẹ̀ gbà. Ara tirẹ̀ á balẹ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó já nǹkan gbà lọ́wọ́ rẹ̀ ti di free radical tuntun. Òun náà á lọ wá ẹlòmíì. Bí ìka kan bá tọ́ epo, á ran àwọn yòókù. Àwọn onímọ̀ kẹ́mísírì ń pe irú èyí ní chain reaction.

Nǹkan méjì nínú ọ̀rọ̀ yìí ló ṣe pàtàkì. Èkíní ni pé ohun tó kọ́kọ́ ń jáde nínú iṣẹ́ yìí, tí à ń pè ní hydroperoxide, kò ní òórùn. Ẹ lè gbóòórùn epo náà kí ẹ ní kò sí nǹkan tó ṣe é. Ìgbà tí hydroperoxide bá wá fọ́ sí wẹ́wẹ́, tó di àwọn nǹkan bíi hexanal, ni imú á tó mọ̀. Àsìkò ìdákẹ́jẹ́ yìí lè gùn gan-an, lẹ́yìn náà ni gbogbo rẹ̀ á kàn bú jáde lẹ́ẹ̀kan náà.

Èkejì ni pé epo pupa ní àwọn onílàjà nínú tirẹ̀. Vitamin E wà nínú rẹ̀ tó bíi 600 sí 1,000 mílígíráàmù nínú kílógíráàmù kan, carotene tó ń fún un ní àwọ̀ pupa sì tó bíi 500 sí 700. Vitamin E máa ń fi háídírójìn ti ara rẹ̀ sílẹ̀ fún free radical tó ń bínú, òun fúnra rẹ̀ á wá gba àbùkù náà mọ́ra láìlọ jà ẹlòmíì. Ibẹ̀ ni ìjà yẹn á ti tán. Ṣùgbọ́n iye tó wà níbẹ̀ níye. Bí ó bá tán, kò sí onílàjà mọ́.

Nígbà tí Èkó ń ṣòwò epo

Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ láàbù nìkan fún ará Èkó. Lẹ́yìn tí ìjọba Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti fòfin de òwò ẹrú fún àwọn ọmọ orílẹ̀-èdè wọn ní 1807, epo pupa ló bẹ̀rẹ̀ sí í gba ipò iwájú nínú òwò wọn ní etíkun wa. Wọ́n ń fi ṣe ọṣẹ, wọ́n ń fi ṣe àbẹ́là, wọ́n ń fi pa ẹ̀rọ. Epo ń ti ilẹ̀ Ẹ̀gbá àti Ìjẹ̀bú gba orí ọ̀sà wá sí Èkó. Nígbà tó yá, àwọn oníṣòwò Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń pe epo tó dára jù ní "Lagos oil", nítorí pé ásíìdì ọ̀rá tó já sílẹ̀ nínú rẹ̀ kò pọ̀, ó sì rọ̀. Àwọn epo láti ibòmíì tó ti bàjẹ́ díẹ̀ máa ń le gbagidi, owó wọn sì máa ń wálẹ̀.

Nítorí náà, orúkọ Èkó di orúkọ epo tí kò tíì bàjẹ́. Ṣùgbọ́n nínú ìlú yẹn kan náà, lẹ́bàá Igá Ìdúngánràn, nǹkan mìíràn ti ń bàjẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Kòsọ́kọ́ àti Ẹlẹ́tù Òdìbò

Ọba Ológun Kútẹ́rẹ́ bí Òṣìnlókun, Adélé àti Akítóyè, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló sì jọba Èkó. Òṣìnlókun ló bí Kòsọ́kọ́. Akítóyè, nígbà náà, jẹ́ àbúrò bàbá Kòsọ́kọ́. Ẹlẹ́tù Òdìbò ni olórí àwọn ìjòyè Akarigbẹ̀rẹ̀, ohùn rẹ̀ sì wúwo gan-an nígbà tí wọ́n bá fẹ́ fi ọba jẹ.

Ìtàn sọ pé ọ̀rọ̀ obìnrin ló dá ìjà sílẹ̀: Kòsọ́kọ́ fẹ́ obìnrin kan tí wọ́n ti fẹ́ sọ́nà fún Ẹlẹ́tù Òdìbò. Iná kékeré nìyẹn, àmọ́ ó já nǹkan gbà lọ́wọ́ ẹni tí kò gbọ́dọ̀ já a gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tí àyè oyè ṣí sílẹ̀, Ẹlẹ́tù Òdìbò dínà mọ́ Kòsọ́kọ́. Adélé tún jọba lẹ́ẹ̀kejì, lẹ́yìn rẹ̀ ni Olúwọlé ọmọ rẹ̀ jẹ ní 1837.

Láyé Olúwọlé, Ẹlẹ́tù Òdìbò fẹ̀sùn àjẹ́ kan Ọ̀pọ̀ Olú, arábìnrin Kòsọ́kọ́. Àwọn tó dífá ní ọwọ́ obìnrin náà mọ́, síbẹ̀ wọ́n lé e kúrò ní Èkó. Ẹ wò ó: Ọ̀pọ̀ Olú kò bá ẹnikẹ́ni du oyè, kò fẹ́ ìyàwó ẹnikẹ́ni. Mólékù tó wà nítòsí lásán ni. Kòsọ́kọ́ gbé ìjà dìde, èyí tí wọ́n ń pè ní Ogun Ewé Kókò, kò sì borí. Ó sá kúrò nílùú, ó di èrò agbègbè Ouidah, ní orílẹ̀-èdè tí à ń pè ní Benin lónìí. Lẹ́yìn tó lọ, Ẹlẹ́tù Òdìbò ní kí wọ́n hú òkú ìyá Kòsọ́kọ́, wọ́n sì jù ú sínú ọ̀sà. Láyé, lókùú, ìjà yìí kò yọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀.

Ní 1841, àrá sán, ó ran ẹ̀tù ìbọn tó wà láàfin, Olúwọlé sì kú. Akítóyè gorí oyè. Ohun àkọ́kọ́ tí ọba tuntun yìí fẹ́ ṣe ni kó parí ìjà. Ó ní kí Kòsọ́kọ́, ọmọ ẹ̀gbọ́n òun, máa bọ̀ nílé. Ẹlẹ́tù Òdìbò ní kò gbọ́dọ̀ rí bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ọba kò gbọ́, ó bínú lọ sí Àgbádárìgì. Kòsọ́kọ́ dé, Akítóyè fi jẹ Ọlọ́jà Ẹrẹ́kò. Lójú, ìlú rọrùn. Kò sí òórùn kankan.

Ẹ rántí hydroperoxide. Kòsọ́kọ́ ń kó ènìyàn jọ sẹ́yìn, ọba náà sì ránṣẹ́ pe Ẹlẹ́tù Òdìbò padà. Nígbà tí àwọn ọ̀tá méjèèjì tún wà nínú ìlú kan náà, tí ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Ọ̀pọ̀ Olú àti sí òkú ìyá Kòsọ́kọ́ kò sì tíì ní àtúnṣe, gbogbo rẹ̀ bú jáde ní oṣù July 1845. Ogun Olómirò ni wọ́n ń pè é, àwọn òpìtàn sì ń túmọ̀ rẹ̀ sí ogun omi oníyọ̀. Bíi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n fi jà nínú ìlú. Akítóyè sá lọ, ó gba Abẹ́òkúta, ó dé Àgbádárìgì. Ẹlẹ́tù Òdìbò pàdánù ẹ̀mí rẹ̀. Kòsọ́kọ́ di ọba.

Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè wọ inú rẹ̀. Ní Àgbádárìgì, Akítóyè bẹ àwọn òyìnbó lọ́wẹ̀, ó sì ṣèlérí pé òun á fòpin sí òwò ẹrú. John Beecroft, aṣojú ìjọba Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gbé ọ̀rọ̀ náà. Ní oṣù December 1851, ọkọ̀ ojú omi ogun wọn yìnbọn sí Èkó, ìlú jóná púpọ̀. Àwọn ará Èkó ń pè é ní Ogun Àgìdìngbì, nítorí ìró àgbá. Kòsọ́kọ́ sá, ó lọ tẹ̀dó sí Ẹ̀pẹ́. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù January 1852, Akítóyè fọwọ́ sí àdéhùn. Ó kú ní 1853, Dòsùnmú ọmọ rẹ̀ jẹ. Ní ọjọ́ 6 oṣù August 1861, pẹ̀lú ọkọ̀ ogun lórí omi, wọ́n mú kí Dòsùnmú fọwọ́ sí ìwé tó sọ Èkó di ti Ọbabìnrin Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Ẹ má gbọ́ mi gbọ́ òdì. Kì í ṣe ìkùnsínú nìkan ló gbé òyìnbó wọ Èkó. Ọ̀jọ̀gbọ́n J. F. Adé Àjàyí kọ àpilẹ̀kọ kan ní 1961 láti yẹ ìtàn náà wò, ó sì tako àwọn tó ń sọ pé ìfẹ́ láti pa òwò ẹrú rẹ́ nìkan ló sún wọn ṣe é. Ọ̀rọ̀ òwò wà níbẹ̀ dáadáa. Wọ́n fẹ́ ilẹ̀kùn tí wọ́n máa gbà wọlé. Ìjà ẹbí ló ṣí i fún wọn.

Kí ló dé tí ẹnu ń mọ ìkórìíra?

Ó yẹ kí ẹ bi mí pé: ṣé àfiwé lásán kọ́ nìyí? Kí ló kan ìtọ́wò epo àti ìbínú ènìyàn? Sáyẹ́ǹsì ní èsì díẹ̀.

Ẹ ronú nípa yínmú. Kò sí ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó tí kò mọ̀ ọ́n: ètè òkè á gbéra, imú á fún pọ̀, ẹni tí wọ́n yín in sí á ti mọ ohun tí wọ́n ń sọ láìgbọ́ ọ̀rọ̀ kan. Iṣan tó ń gbé ètè òkè yẹn ń jẹ́ levator labii. Ní 2009, Hanah Chapman àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Toronto, Kánádà, tẹ ìwádìí kan jáde nínú ìwé ìròyìn Science. Wọ́n so ẹ̀rọ mọ́ ojú àwọn ènìyàn láti fi wọn iṣan yìí. Wọ́n fún wọn ní omi kíkorò, kíkan àti oníyọ̀ mu. Iṣan náà ṣiṣẹ́. Wọ́n fi àwòrán ohun ẹlẹ́gbin hàn wọ́n, ó ṣiṣẹ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní kí wọ́n ta ayò kan tí ẹlòmíì ti máa pín owó fún wọn. Nígbà tí ìpín náà bá ti jẹ́ ìrẹ́jẹ, iṣan kan náà tún ṣiṣẹ́. Ojú tí a fi ń tu ohun tó bàjẹ́ dànù lẹ́nu la tún fi ń kọ ìwà ìrẹ́jẹ.

Ìwádìí kejì jẹ́ ti 2001. Charlotte Witvliet àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Hope College, Amẹ́ríkà, ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ 71 ronú nípa ẹnì kan tó ti ṣẹ̀ wọ́n rí. Ní ìgbà mìíràn wọ́n ní kí wọ́n tún ohun tó dùn wọ́n rò, kí wọ́n sì di onítọ̀hún sínú. Ní ìgbà mìíràn wọ́n ní kí wọ́n gbìyànjú láti dárí jì í. Nígbà tí wọ́n di í sínú, ọkàn wọn lù kíkankíkan, ẹ̀jẹ̀ wọn ru sókè, ara wọn là fún òógùn jù bí ó ṣe rí nígbà tí wọ́n ń dárí jì. Ẹ sì rántí pé ẹni tó ṣẹ̀ wọ́n kò sí nínú yàrá. Kò tilẹ̀ mọ̀ pé wọ́n ń rántí òun. Inú ìkòkò tó gba epo tó bàjẹ́ ni epo náà ń bà jẹ́.

Ọ̀rọ̀ tiwa ńkọ́?

Yorùbá kò fi epo pe ìkórìíra, ṣùgbọ́n a ní ọ̀rọ̀ tiwa tó já gaara. Ẹ wo ìkùnsínú: kùn, sí, inú. Ẹni tó yẹ kó kùn síta, kí ará ilé gbọ́ kí wọ́n bá a dá sí i, inú ara rẹ̀ ló ń kùn sí. Àsìkò ìdákẹ́jẹ́ nínú kẹ́ẹ̀gì gan-an nìyẹn. Odì ni ti ẹni tí kò kí ẹnì kejì mọ́. Àwa ọmọ Èkó á ní wọ́n ń ṣe málìsì. Àránkàn ni ti ẹni tí kò ní sinmi àfi tí ọwọ́ rẹ̀ bá tẹ ẹ. Kèéta náà wà, ó jọ ƙeta ti àwọn Haúsá, tó túmọ̀ sí ìwà ìkà. Inú rẹ̀ sì lè korò, ọ̀rọ̀ sì lè kan, bíi ti Látìn. Láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni kọ́ ẹnì kejì, ahọ́n àti inú ni àwa náà bá lọ.

Kí la lè fi ṣe?

Ti epo kọ́kọ́. Ẹ gbé e kúrò nínú oòrùn, bí ó tilẹ̀ dára láti pàtẹ. Ẹ rọ ọ́ kún ike dé ẹnu, nítorí àyè tó bá ṣófo, ọ́síjìn ló wà níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ike gbẹ kí ẹ tó rọ epo sí i. Ẹ má lo agolo tó ti dípẹtà. Bí ẹ bá ń yan epo títí tó fi funfun, ẹ mọ̀ pé carotene ti lọ, díẹ̀ nínú àwọn onílàjà ti bá a lọ. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, ẹ má da epo tuntun lé ìsàlẹ̀ epo tó ti bàjẹ́, kí ẹ ní tuntun á tún ti àtijọ́ ṣe. Hydroperoxide tó wà nísàlẹ̀ ló máa dá iná sí tuntun lára. Ẹ fọ ike náà, kí ó gbẹ, kí ẹ tó rọ òmíì.

Ti ìjà, mi ò ní ṣe bí ẹni pé kẹ́mísírì lè parí rẹ̀. Mólékù kò ní làákàyè, ènìyàn ní. Ṣùgbọ́n ẹ wo àṣìṣe Akítóyè dáadáa. Ọkàn rere ló fi pe Kòsọ́kọ́ wálé, oyè gidi ló sì fún un. Epo tuntun ló dà sórí èyí tó wà nísàlẹ̀. Kò sí ẹni tó jókòó yanjú ọ̀rọ̀ Ọ̀pọ̀ Olú tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́, kò sí ẹni tó tọrọ àforíjì fún òkú tí wọ́n hú. Oyè kò lè fọ ìyẹn dànù.

Nígbà tó yá, nǹkan mìíràn ṣẹlẹ̀ tí a kì í sábà sọ. Ní 1854, Kòsọ́kọ́ bá Benjamin Campbell, aṣojú Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣe àdéhùn ní Ẹ̀pẹ́. Ní 1862, wọ́n gbà kí ó padà sí Èkó, níbi tó gbé títí tó fi kú ní 1872. Oṣòdì Tápà, balógun rẹ̀ tó jẹ́ ọmọ Núpé, bá a padà pẹ̀lú àwọn ènìyàn wọn. Wọ́n fún wọn nílẹ̀ lórí Erékùṣù Èkó, ibẹ̀ sì ni à ń pè ní Ẹpẹ̀tẹ̀dó títí dòní, ìyẹn ibi tí àwọn ará Ẹ̀pẹ́ tẹ̀dó sí. Àwọn tó bá Kòsọ́kọ́ sá àti àwọn tó lé e wá ń gbé ìlú kan náà, wọ́n ń ná ọjà kan náà, ọmọ wọn sì ń fẹ́ ọmọ ara wọn.

Nítorí náà, bí ẹ bá tún gbọ́ "rancour-free" lórí rédíò ní àsìkò ìdìbò tó ń bọ̀, ẹ má wo ẹ̀rín tí wọ́n ń rín níwájú kámẹ́rà. Àsìkò tí kò ní òórùn ni àsìkò ẹ̀rín. Ẹ bi wọ́n pé ta ni wọ́n rẹ́ jẹ tí wọn ò tíì bẹ̀, àti pé kí ni wọ́n fẹ́ fi fọ ìsàlẹ̀ ìkòkò.